Ikú àti Àpadàbọ̀ nínú Eré Hades àti Hades II

ÌFÁÀRÀ

Láàrin àwọn ọnà tí ó gbòde ní sáà yìí, eré orí kọ̀ǹpútà ni àwọn lámèyítọ́ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ìdí kan ni pé ojú eré ọmọdé ni ọ̀pọ̀ àgbà fi ń wò ó. Ìdí mìíràn, tí ó ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni pé àwọn irin-iṣẹ́ tí lámèyítọ́ fi ń tú ìtàn palẹ̀, bí àhunpọ̀ ìtàn, ìfìwàwẹ̀dá àti ibùdó ìtàn, kò bá irú eré bẹ́ẹ̀ mu tán. Ẹni tí ó ń ka ìwé kì í kú sínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣe eré ń kú, ó sì ń kú léraléra. Ikú yìí gan-an ni bébà yìí dá lé. Ó fẹ́ yẹ eré méjì wò tí ilé-iṣẹ́ Supergiant Games ní ìlú San Francisco ṣe, èyíinì ni Hades, tí ó jáde ní pípé ní ọdún 2020, àti Hades II, tí ó jáde ní pípé ní ọdún 2025. Ìbéèrè tí ó ń bèèrè ni pé kí ni ikú olú ẹ̀dá-ìtàn ń ṣe nínú eré kìíní, kí ni ó sì dà nígbà tí eré kejì dé?

Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé eré kejì tóbi ju èkíní lọ, ìjà inú rẹ̀ sì gún régé ju ti èkíní lọ, ṣùgbọ́n ó sọ ohun kan nù tí ó jẹ́ agbára èkíní. Ohun náà ni ìṣọ̀kan tí ó wà láàrin ohun tí aṣeré ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àti ohun tí ìtàn ń sọ. Ẹni tí ó di ẹ̀rọ mú ni ọ̀rọ̀ náà "aṣeré" dúró fún níhìn-ín; kò tọ́ka sí òṣèré orí ìtàgé.

ORÍSUN Ẹ̀YÀ ERÉ YÌÍ

Ní nǹkan bí ọdún 1980 ni Michael Toy àti Glenn Wichman, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì California ní Santa Cruz, ṣe eré kan tí wọ́n pè ní Rogue; Ken Arnold dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà lẹ́yìn náà ní Berkeley. Kò sí àwòrán kankan nínú eré yìí. Lẹ́tà A títí dé Z ni ó dúró fún àwọn ẹranko abàmì, àmì @ sì ni akọni. Akọni náà ní láti sọ̀kalẹ̀ sínú ihò alájà púpọ̀ kí ó lọ mú ohun ọ̀ṣọ́ olóògùn kan jáde. Ohun méjì ni ó sọ Rogue di baba ńlá ẹ̀yà kan. Èkíní ni pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ó ń to yàrá àti ọ̀nà inú ihò náà lákọ̀tun nígbà gbogbo, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà tí aṣeré tọ̀ lánàá kò fi ní í sí níbẹ̀ lónìí. Èkejì ni pé bí akọni bá kú, ó kú pátápátá. Ohun gbogbo tí ó ti kó jọ bá a lọ, aṣeré sì ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ìmọ̀ nìkan ni ikú kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn eré tí wọ́n tẹ̀lé òfin Rogue pọ́n-ún-pọ́n-ún ni a ń pè ní roguelike. Roguelite ni orúkọ àwọn tí wọ́n dẹ òfin náà sílẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n jẹ́ kí ohun kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn ikú. Eré tí ó mú kí orúkọ kejì yìí tàn kálẹ̀ ni Rogue Legacy, tí ilé-iṣẹ́ Cellar Door Games ní ilẹ̀ Kánádà gbé jáde ní 2013. Nínú rẹ̀, bí akọni bá kú, ọmọ rẹ̀ ni yóò gba ipò rẹ̀. Aṣeré yóò yan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú àléébù tirẹ̀: èyí kò ríran jìnnà, èyí kò mọ àwọ̀ yàtọ̀. Ọmọ náà yóò fi owó tí òbí rẹ̀ kó jọ tún ilé ìdílé ṣe kí ó tó gba ẹnu ọ̀nà ilé-olódi náà kọjá, nítorí pé Charon, atukọ̀ àwọn òkú, dúró níbẹ̀ tí yóò gba gbogbo owó tí ó bá ṣẹ́ kù. Ogún ni Rogue Legacy fi rọ́pò ikú pátápátá. Bí ó ti wù kí èrò yìí dára tó, àwọn ọmọ náà kò ní ohùn. Ẹni tí ó kú lọ di àwòrán lára ògiri lásán, ẹni tí ó wọlé dé kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan í sọ nípa rẹ̀. Ibi tí Hades ti ya ọ̀nà tirẹ̀ nìyí.

Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ nínú èdè Yorùbá fún ẹ̀dá tí ó ń kú tí ó sì ń padà wá, ìyẹn àbíkú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ṣe déédéé níhìn-ín. Ọ̀nà ọ̀run ni ọkàn àbíkú wà. Ìyá rẹ̀ ni ìpadàbọ̀ rẹ̀ ń pa lẹ́kún. Ní ti àwọn akọni eré yìí, wọn kò fẹ́ lọ. Òfin ni ó ń dá wọn padà.

ÀWỌN ÌTÀN ÀTIJỌ́ TÍ ERÉ NÁÀ FI ṢE ÌPÌLẸ̀

Ó yẹ kí á ṣe àkíyèsí pé àwọn òrìṣà tí ìtàn wọn kò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akéwì Gíríìsì ni àwọn òǹkọ̀wé eré yìí fi ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn. Zagreus, tí ó jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn eré kìíní, jẹ́ orúkọ tí ìtàn rẹ̀ fọ́n káàkiri. Àwọn kan láyé àtijọ́ tilẹ̀ kà á sí Dionysus fúnra rẹ̀. Melinoë, olú ẹ̀dá-ìtàn eré kejì, kò ní ju orúkọ lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Inú ọ̀kan lára àwọn orin ìyìn tí a fi orúkọ Orpheus pè ni a ti mọ̀ ọ́n jù. Ibi tí ìtàn kò bá ti pọ̀ ni àyè ti máa ń gba òǹkọ̀wé. Bí ó bá ṣe Herakles ni wọ́n fi ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn ni, gbogbo ènìyàn ni ìbá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò já sí.

Wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹ̀fẹ̀ kan nínú eré kìíní sì jẹ́rìí sí i. Zagreus àti Dionysus fi Orpheus ṣe yẹ̀yẹ́ nípa pípa irọ́ fún un pé ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì, Orpheus sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ó sọ ọ́ di orin. Báyìí ni ohun tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lé lórí láti ọdún gbọọrọ ṣe di àṣìgbọ́ olórin kan. Ẹni tí kò mọ ìtàn náà yóò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì.

ILÉ TÍ IKÚ Ń DÁNI PADÀ SÍ

Zagreus ni ọmọ Hades, ọba ipò òkú. Ó fẹ́ sá kúrò nílé bàbá rẹ̀ lọ wá Persephone ìyá rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ó ní láti la agbègbè mẹ́rin kọjá: Tartarus, Asphodel, Elysium àti Tẹ́ḿpìlì Styx. Àwọn òrìṣà orí òkè Olympus tí wọ́n jẹ́ ẹbí rẹ̀, bí Zeus, Poseidon, Athena àti Aphrodite, ń fi ẹ̀bùn agbára ránṣẹ́ sí i lọ́nà, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn náà kì í bá a dé ilé bí ó bá kú. Yóò kú. Bí ó bá sì ti kú, odò Styx yóò gbé e padà sínú adágún ẹ̀jẹ̀ tí ó wà láàrin ilé bàbá rẹ̀, yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde kúrò nínú rẹ̀.

Níbí ni ọgbọ́n eré náà wà. Nínú Rogue, ikú ni òpin ìtàn. Nínú Hades, lẹ́yìn ikú ni ìtàn ń tẹ̀ síwájú. Hypnos, òrìṣà oorun, dúró sí ẹ̀gbẹ́ adágún náà pẹ̀lú àkọsílẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ka ohun tí ó pa ọmọ ọba sókè, ó sì ń fún un ní ìmọ̀ràn tí kì í sábà wúlò. Hades jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń fi ọmọ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Nyx tí ó tọ́ ọ dàgbà ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Achilles tí ó kọ́ ọ níjà. Megaera, tí ó dúró dè é lẹ́nu ibodè Tartarus láti pa á, ni aṣeré yóò tún bá tí ó jókòó jẹ́jẹ́ ní yàrá ìgbafẹ́ ilé náà, tí àwọn méjèèjì yóò sì jọ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ti mọra tipẹ́. Ìtàkùrọ̀sọ inú eré náà ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún (20,000) ìlà lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ni kò sì ṣe é gbọ́ bí kò ṣe pé kí ènìyàn padà sílé. Ikú wá di ohun tí aṣeré kò fi taratara kórìíra mọ́, nítorí pé ìròyìn wà nílé.

Bí ó bá ṣe pé ibí yìí ni ọgbọ́n náà mọ, ìbá jẹ́ ẹ̀tàn dídùn lásán láti fi tu ẹni tí ó fìdí rẹmi nínú. Ohun tí ó gbé Hades ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí aṣeré bá borí. Hades fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá ìkẹyìn. Ó dúró de ọmọ rẹ̀ nínú yìnyín lẹ́nu ọ̀nà ayé. Bí Zagreus bá ṣẹ́gun rẹ̀, yóò rìn lọ bá ìyá rẹ̀ nínú ọgbà kan, wọn yóò sọ̀rọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò ṣubú lulẹ̀ yóò kú. Òfin kan ni ó pa á: ẹni tí a bí sí ipò òkú kò lè pẹ́ lórí ilẹ̀. Nítorí náà, ìṣẹ́gun àti ìfìdírẹmi, ilé kan náà ni wọ́n ń dá a padà sí. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ó bá ìyá rẹ̀ sọ.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ díẹ̀ yìí ni ó ń gbárí jọ. Nígbà tí aṣeré bá dé ọgbà náà nígbà kẹwàá ni Persephone tó gbà láti bá ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí ilé. Ẹni tí ó bá ti ṣe eré náà dé ibẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe òǹkọ̀wé ni ó fi ìyá náà fún òun; òun ni ó lọ tí ó bọ̀, tí ó kú ní ọ̀nà púpọ̀, kí ọ̀rọ̀ tó wọ ìyá náà létí. Àtúnṣe ìṣe, tí ó jẹ́ ẹrù wúwo fún gbogbo eré inú ẹ̀yà yìí, ti di ìfaradà ọmọ tí ó ń bẹ òbí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, eré kò gbọdọ̀ tán, nítorí pé aṣeré ṣì fẹ́ máa jà. Àwàdà ni àwọn òǹkọ̀wé fi yanjú rẹ̀: Hades gba ọmọ rẹ̀ síṣẹ́ pé kí ó máa gbìyànjú láti sá, kí àléébù tí ó wà lára ààbò ìlú òkú lè hàn. Ìdí yìí tínrín. Ṣùgbọ́n ó bá ìwà bàbá náà mu, kò sì ba ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú jẹ́.

Ohun kan ṣì kù tí ó yẹ ní mímẹ́nubà. Aṣeré tí ìjà náà bá ṣòro fún lè yan ọ̀nà kan tí a pè ní God Mode. Bí ó bá yàn án, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìyà tí ń jẹ Zagreus yóò dínkù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yóò sì tún máa fi ìdá méjì dínkù sí i ní gbogbo ìgbà tí ó bá kú, títí tí yóò fi dé ìdá ọgọ́rin. Lẹ́yìn ikú ọgbọ̀n, ìdá ogún péré nínú ìyà náà ni ó kù fún un. Ìṣirò lásán kọ́ nìyí. Èrò eré náà nípa ikú ni, tí a fi nọ́ḿbà kọ.

ÌSỌ̀KALẸ̀ MELINOË

Wọ́n kéde Hades II ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ náà yóò ṣe eré kejì tẹ̀lé èkíní. Bastion (2011), Transistor (2014) àti Pyre (2017) kò ní àtẹ̀lé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà á nígbà tí kò tíì pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún èkíní láti oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni ó jáde ní pípé.

Ohun gbogbo ni wọ́n dojú rẹ̀ kodò. Chronos, òrìṣà àkókò, bàbá Hades, ti gba ilé náà, ó ti fi ẹ̀wọ̀n de ọmọ rẹ̀. Melinoë, àbúrò Zagreus, tí a gbé sá kúrò níbẹ̀ nígbà tí ó wà ní ìkókó, ti dàgbà lọ́dọ̀ Hecate ní ibùdó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oríta. (Kí òǹkàwé Yorùbá má ṣe sáré ronú kan Èṣù, Hecate ti ni oríta tirẹ̀ nílẹ̀ Gíríìsì láti ayébáyé.) Zagreus ń gòkè lọ wá ìyá, Melinoë ń sọ̀kalẹ̀ lọ pa bàbá-bàbá rẹ̀. "Kí ikú pa Chronos" ni ìkíni àwọn ará Oríta. Bàbá tí ó jẹ́ ọ̀tá ìkẹyìn nínú èkíní ti di òǹdè tí ó ń fún ọmọ rẹ̀ lágbára láti inú ẹ̀wọ̀n. Cerberus, ajá olórí mẹ́ta tí aṣeré ń fi ọwọ́ pa lórí nínú ilé ọba, ti di ẹranko tí ìbínú gbé wọ̀, tí ó ń jà láàrin Pápá Ọ̀fọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe eré kìíní yóò rí ẹranko kan tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ yóò wúwo. Kò sí ibòmíràn tí eré kejì ti lo ìrántí aṣeré dáradára tó ibí yìí.

Ìfìwàwẹ̀dá Melinoë nípasẹ̀ ìjà náà jẹ́ iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Zagreus jẹ́ ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń ta pọ́n-ún síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì ń jà láìsinmi. A ti kọ́ Melinoë láti kékeré. Bí aṣeré bá di bọ́tìnnì mú pẹ́ díẹ̀, Melinoë yóò kó agbára jọ, ohun tí yóò sì tú jáde yóò le ju ìkọlù lásán lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n agbára idán tí ó ní kò pọ̀, ó sì lè jẹ ìyà nígbà tí ó bá dúró kó o jọ. Aṣeré wá di ẹni tí ń ro nǹkan kí ó tó ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin náà. Irú ìyàtọ̀ yìí kan náà ni ó wà láàrin ohun tí àwọn méjèèjì fi ń gba agbára tí ikú kò lè mú lọ. Nínú èkíní, dígí kan wà ní yàrá Zagreus. Ohun tí ó bá ti rà lára rẹ̀ ti di tirẹ̀. Nínú èkejì, káàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó wà, òdiwọ̀n sì wà fún iye tí Melinoë lè lò lẹ́ẹ̀kan. Kíkó jọ nìkan kò tó mọ́; yíyàn di dandan.

Títóbi eré náà kò ṣe é sẹ́. Ọ̀nà méjì ni ó ní. Ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ láti Erebus, ó gba Oceanus àti Pápá Ọ̀fọ̀ lọ sí Tartarus. Èkejì gòkè láti ìlú Ephyra, ó gba orí omi Thessaly lọ sí òkè Olympus. Ìkòkò ńlá kan wà tí Melinoë ń sè, ọgbà wà tí ó ń gbìn, dígà, ṣọ́bìrì àti ọ̀pá ìwọ̀ wà tí ó ń gbé lọ́wọ́. Nǹkan wọ̀nyí pọ̀ jù. Láàárín wákàtí díẹ̀, aṣeré yóò rí i pé ìwé iye nǹkan tí ó kù láti kó ni òun ń kà nígbà tí ó yẹ kí òun máa ro ohun tí Hecate ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ìjà tí ó wà pẹ̀lú Scylla ni ó yẹ kí á yọ sọ́tọ̀: olórin ni, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọrin bí wọ́n ti ń jà, bí aṣeré bá sì ti ṣẹ́gun ọ̀kan nínú àwọn onílù àti olóhun-èlò rẹ̀, ohun èlò yẹn yóò dákẹ́ nínú orin náà. Níbẹ̀, etí pàápàá ń gbọ́ bí ogun ṣe ń lọ.

ÒFIN TÍ ÌKÒKÒ TÚ

Níbo wá ni àdánù náà wà? Ohun tí ó yẹ kí á fi wé ara wọn ni bí eré méjèèjì ṣe lo òfin kan ṣoṣo, ìyẹn òfin pé ẹni ipò òkú kò lè pẹ́ lórí ilẹ̀. Nínú Hades, òfin yìí ni gbogbo ìtàn rọ̀ mọ́. Kò sí agbára, kò sí ẹ̀bùn òrìṣà, kò sí ohun ìjà tí ó lè tú u. Nítorí pé Zagreus kò lè dúró ti ìyá rẹ̀ ni ìyá ṣe ní láti padà sílé. Nígbà tí Melinoë kọ́kọ́ gòkè sí orí ilẹ̀ nínú eré kejì, òfin kan náà mú un; ẹ̀mí rẹ̀ ń dínkù bí ó ti ń rìn. Ṣùgbọ́n yóò padà sí Oríta, yóò kó àwọn èròjà kan jọ, yóò sọ wọ́n sínú ìkòkò, yóò pọ ọfọ̀, òfin náà yóò sì tú.

Ènìyàn lè sọ pé ohun tí ó tọ́ nìyẹn fún ọmọ tí a kọ́ ní oògùn, àti pé àṣeyọrí lórí ohun tí ó borí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọ̀nà kan láti fi ìdàgbàsókè hàn. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó jẹ́ kádàrá nínú èkíní ti di iṣẹ́ tí a ń fi àmì sí pé ó ti parí nínú èkejì. Bákan náà ni ikú rí. Bí Melinoë bá fìdí rẹmi, a máa bá ara rẹ̀ ní Oríta, àwọn ọ̀rẹ́ àti olùkọ́ rẹ̀ yóò sì gbà á níyànjú. Inú rere wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àgọ́ ọmọ ogun ni, kì í ṣe ilé. Kò sí bàbá tí ó jókòó síbẹ̀ tí ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.   Ìdàrúdàpọ̀ ìfẹ́ àti ìjà tí ó mú kí ilé Hades dà bí ilé gidi kò sí mọ́.

Chronos nìkan ni ó sún mọ́ ọn. Nítorí pé òun ni àkókò, kò ṣe é pa tán. Ìdí tí ìjà rẹ̀ fi ń padà wá nìyẹn, ìdí náà sì lágbára ju ti iṣẹ́ ààbò tí Hades fún Zagreus lọ. Àwọn tí wọ́n ṣe eré náà tilẹ̀ fi àkókò sábẹ́ àṣẹ rẹ̀ ju bí aṣeré ti rò lọ. Nínú ọ̀pọ̀ eré orí kọ̀ǹpútà, aṣeré ní ẹ̀tọ́ láti dá eré dúró kí ó lọ mu omi. Bí ó bá gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí ó ń bá Chronos jà, Chronos yóò tú ìdádúró náà, yóò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú náà, ẹ̀dá-ìtàn ti na ọwọ́ jáde kúrò nínú ìtàn láti gba ohun tí ó jẹ́ ti ẹni tí ó jókòó sílé.

TA NI Ó NI ÌPARÍ?

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ òru tí Melinoë ti fi jà ní ọ̀nà méjèèjì, tí ó ti ṣẹ́gun Chronos nísàlẹ̀ tí ó sì ti ṣẹ́gun Typhon lókè, ìtàn dé orí ọ̀rọ̀ náà gan-an: kí ni kí á ṣe sí àkókò? Kì í ṣe ọwọ́ Melinoë ni ìdáhùn ti wá. Zagreus, tí ó wà ní ìgbà àtijọ́, ni ó bá bàbá-bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí tí ó fi yí ọkàn rẹ̀ padà, Chronos ti òde òní sì di ẹni ẹbí.

Ẹ̀sùn tí ọ̀pọ̀ aṣeré fi kan ìparí yìí nígbà tí ó jáde ni pé ó yá jù, ó sì dùn jù. Ẹ̀sùn náà kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Ìdáríjì kọ́ ni àìsàn rẹ̀. Ìdáríjì ni eré kìíní náà fi parí. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ìdáríjì náà. Nínú Hades, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni aṣeré fi ẹsẹ̀ rìn dé ọgbà Persephone, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó yí ìyá náà lọ́kàn padà ni ó sì ṣojú rẹ̀. Nínú Hades II, ìtàkùrọ̀sọ tí ó yí ayé padà wáyé láàrin ọkùnrin méjì, kò sì sí lọ́wọ́ aṣeré láti mú un ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó sọ̀kalẹ̀, tí ó gòkè, tí ó sè, tí ó gbìn, tí ó sì jà di ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe. Ó sì burú sí i nítorí pé gbogbo eré náà ti fi yé aṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tirẹ̀ ni iṣẹ́ yìí. Ìlérí tí ẹ̀yà eré yìí ń ṣe láti ọjọ́ Rogue ni pé ohunkóhun tí aṣeré bá rí gbà, òun ni ó jìyà rẹ̀. Ìlérí yẹn ni Hades II yẹ̀, kì í sì í ṣe nínú ìjà ni ó ti yẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún 2025 kan náà, lẹ́yìn tí eré náà ti jáde ní pípé, ilé-iṣẹ́ náà gbé àtúnṣe kan jáde tí ó fi ọ̀rọ̀ kún ìparí yìí. Àfikún náà mú kí ìyípadà Chronos yé ènìyàn ju ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Zagreus. Ìṣòro tuntun ni èyí jẹ́ fún lámèyítọ́. Eré tí wọ́n ń tà nígbà tí kò tíì pé, tí agbègbè Olympus kò wọ inú rẹ̀ títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, tí ìparí rẹ̀ sì tún yí padà lẹ́yìn tí ó pé, kò ní ojú ìwé kan tí ènìyàn lè fi ìka tọ́ka sí. Ẹni tí ó parí rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti ẹni tí ó parí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà láti ẹnu Chronos, bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì yóò pe ohun tí wọ́n ṣe. Títí ọ̀nà kan yóò fi wà láti tọ́jú àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di dandan kí lámèyítọ́ eré irú èyí máa sọ oṣù àti ọdún ẹ̀dà tí ó yẹ̀ wò kí ó tó sọ ohun tí ó rí nínú rẹ̀.